Strong force níbẹ̀rẹ̀ ayé: ọmọ mi ní ṣé ó ń sùn ni? Ẹ bá mi dá a lóhùn

Ìyá_Ìbejì_Òyìngbò (Ọjọ́ Ajé, 9:07 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ẹtì, n ò sì mọ ibòmíì tí mo lè gbé e lọ. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2, ó fẹ́ràn físíìsì gan-an. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí a jọ ń sẹ́ ògì lẹ́yìnkùlé ló bá ní Mọ́mì, tíṣà wa sọ pé àwọn prótọ́ọ̀nù ni wọ́n kó jọ sáàárín átọ́ọ̀mù, pọ́sítíìfù sì ni gbogbo wọn, pọ́sítíìfù méjì kì í sì í gbà fún ara wọn, wọ́n máa ń lé ara wọn ni, kí ló wá dè wọ́n pọ̀ tí wọn ò tú ká? Mo ní kó lọ wò ó lórí fóònù. Ó wò ó, ó rí i pé ipá kan wà tí wọ́n ń pè ní strong force, òun ló dì wọ́n mú. Èmi rò pé ó ti tán. Ó tún wá rí fídíò kan tó ní nígbà tí àgbáálá ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, strong force yìí ò dì nǹkan kan mú, gbogbo nǹkan ń sáré kiri ni. Ó wá gbójú sókè wò mí, ó ní Mọ́mì, ipá tó lágbára ju gbogbo ipá lọ, ṣé ó ń sùn nígbà yẹn ni? Ta ló jí i?

Ẹ̀kọ ni mò ń tà ní Òyìngbò, iṣẹ́ ìyá mi ni mo jogún, n ò ṣe sáyẹ́ǹsì nílé ìwé. Mo ti ṣèlérí fún un pé màá wádìí. Ẹ bá mi sọ ọ́ ní Yorùbá tó yé mi, torí èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún un.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó (9:21 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Kò le rárá. Níbẹ̀rẹ̀, ipá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà láyé, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Strong force ò tíì dá dúró. Ìgbà tó yà kúrò lára àwọn yòókù ló wá rí kúáàkì, àwọn ẹyọ kéékèèké inú prótọ́ọ̀nù, dì mú. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ fún un.

Tíṣà_Físíìsì_Yaba (9:52 alẹ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú alẹ́ mà. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn dáadáa, torí àwọn tó rí ìdáhùn ìbéèrè ẹ̀ gba Nobel lórí ẹ̀.

Àbúrò mi Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, mo mọ irú fídíò tí o ti rí tìẹ, wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì lo dà pọ̀. Pé strong force àti àwọn tó kù jẹ́ ọ̀kan rí, àbá ni, kò sí ẹ̀rọ kankan láyé tó tíì lè dé ibẹ̀ lọ wò ó. Ká tiẹ̀ wá gbà pé òótọ́ ni, ìyapa yẹn á ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá pín sẹ́kọ́ǹdì kan ṣoṣo sí ọ̀nà tí òǹkà ẹ̀ jẹ́ 1 tí òdo bíi 36 tẹ̀ lé. Kúáàkì ṣì ń rìn fàlàlà lẹ́yìn ìgbà yẹn, títí di ìgbà tí a bá pín sẹ́kọ́ǹdì kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, tí a sì ka bíi 10 sí 20 nínú ẹ̀. Lójú tiwa méjèèjì yẹn kéré, ṣùgbọ́n ìkíní sí ìkejì jìnnà ju kéèyàn fẹnu sọ lọ. Strong force ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ó ń ṣiṣẹ́, kúáàkì sì ń ṣeré lójú ẹ̀. Nítorí náà kò sùn o, ẹnikẹ́ni ò sì jí i. Ìwà ẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń hùwà títí dòní.

Ẹ wo ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn lẹ́yìn ilé. Tó bá wà nítòsí èèkàn, okùn ọrùn ẹ̀ á dẹ̀, ó ń jẹ èèpo iṣu, ó ń ta pọ́ún pọ́ún kiri, ẹni tó ń kọjá lè rò pé wọn ò so ó. Ó di ìgbà tó bá fẹ́ jìnnà kí okùn tó le. Bí strong force ṣe ń ṣe sí kúáàkì nìyẹn. Kúáàkì mẹ́ta ló wà nínú prótọ́ọ̀nù kan. Bí wọ́n bá súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, díẹ̀ ló kù kí wọ́n má mọ̀ pé ohunkóhun so wọ́n. Kí ọ̀kan wá ní òun ń lọ, okùn á fà á padà pẹ̀lú ipá tó tó ìwúwo tọ́ọ̀nù 16. Ìwúwo tírélà tó kẹ́rù lẹ rò pọ̀ mọ́ ohun tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ yẹn o. Ipá náà kì í sì í dín kù bó ti ń jìnnà. Tẹ́ ẹ bá fà á títí tí okùn fi já, agbára tẹ́ ẹ fi fà á yẹn á di kúáàkì tuntun àti ojúgbà ẹ̀ tó jẹ́ òdìkejì, ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ apá ibí, ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ apá ọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó rí kúáàkì tó dá nìkan rìn rí.

David Gross àti Frank Wilczek ní Princeton, àti David Politzer ní Harvard, ló ṣírò ẹ̀ jáde lọ́dún 1973, wọ́n sì gba Nobel lọ́dún 2004. Kì í ṣe pé wọ́n jókòó lásán wọ́n rò ó o. Láti nǹkan bíi 1968 ni wọ́n ti ń yin ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lu prótọ́ọ̀nù ní SLAC, ilé ìwádìí kan ní Califọ́níà, tí wọ́n ń rí i pé àwọn nǹkan kéékèèké kan wà nínú ẹ̀ tó ń ṣe bíi pé wọn ò dè é. Ó rú wọn lójú fún ọdún bíi márùn-ún.

Níbẹ̀rẹ̀ ayé wá ńkọ́? Gbogbo ewúrẹ́ ló wà nídìí èèkàn. Ẹ fojú inú wo Balógun ọjọ́ tó ku ọ̀la Kérésì, kò síbi téèyàn fẹ́ yà sí tí kò ní fara gbá ẹlòmíì. Bí kúáàkì kan bá kúrò lọ́dọ̀ ẹnìkejì ẹ̀, òmíràn ti wà ní èjìká ẹ̀. Okùn ò rí àyè le.

Ẹlẹ́tríkà_Mushin (10:15 alẹ́)

Tíṣà, ẹ má bínú sà. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe láti kékeré, n ò tíì rí ipá tó ń dẹ̀ bó ṣe ń súnmọ́ nǹkan. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì ara sípíkà ńlá súnmọ́ irin kẹ́ ẹ wò ó, bó ṣe ń súnmọ́ ló ń le, tẹ́ ò bá ṣọ́ra á há yín lọ́wọ́. Kí ló dé tí tiyín fi wá yí padà? Àbí wọ́n kàn wá ohun tó máa bá ìṣirò wọn mu ni? Mo fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni o, kì í ṣe ìjà.

Tíṣà_Físíìsì_Yaba (10:44 alẹ́)

Ọ̀gá Ẹlẹ́tríkà, ibẹ̀ yẹn ló ta àwọn náà lẹ́nu, kódà àwọn kan ti fẹ́ sọ pé irú ipá bẹ́ẹ̀ ò lè sí.

Iná tí ẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́, fótọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀, ló ń gbé ipá ẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíì, fótọ́ọ̀nù fúnra ẹ̀ ò sì ní ṣáájì kankan lára. Bí ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù oníbàárà ni: ó já a sílẹ̀, ó gba owó ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ, ohun tó wà nínú ẹrù ò kàn án. Glúọ̀nù ló ń gbé ti strong force, oríṣi 8 ni wọ́n. Glúọ̀nù ní ṣáájì tiẹ̀ lára. Àwọ̀ ni wọ́n ń pe ṣáájì yẹn, kì í ṣe àwọ̀ aṣọ o, orúkọ ni wọ́n kàn fún un. Ó wá dà bíi kẹ́ ẹ rán oníṣẹ́ sí àwọn tó ń jà lórí owó àjọ, kí oníṣẹ́ náà sì ti dá àjọ níbẹ̀. Ṣé ó máa jíṣẹ́ kó máa lọ? Á dá sí i, á pe àwọn mìíràn wá, àwọn yẹn náà á pe tiwọn.

Nítorí náà, yíká kúáàkì kọ̀ọ̀kan, èrò glúọ̀nù ló pé jọ. Ẹni tó bá dúró lókèèrè, kúáàkì àti gbogbo èrò ẹ̀ ló ń gbọ́ ariwo wọn pọ̀, ó rò pé kúáàkì nìkan ló ní ohùn ńlá yẹn. Ẹni tó bá wọ inú èrò lọ tó dé ọ̀dọ̀ kúáàkì gan-an, ohùn kékeré ló máa gbọ́. Ti iná yàtọ̀, ohun tó yí ṣáájì iná ká ń bò ó mọ́lẹ̀ ni, ìyẹn náà wà lára ohun tó ń jẹ́ kó le sí i bẹ́ ẹ ṣe ń súnmọ́ ọn.

Wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n o, kì í ṣe pé wọ́n wá ohun tó bá ìṣirò mu. Bí nǹkan bá forí gbárí pẹ̀lú agbára ńlá, irú èyí tó ń mú ohun tí wọ́n ń pè ní Z jáde ní CERN, ilé ìwádìí ńlá kan ní Yúróòpù, òǹkà ìdìmú strong force, èyí tó ń sọ bó ṣe le tó, máa ń jẹ́ nǹkan bíi 0.118. Tí agbára bá lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n prótọ́ọ̀nù, á gùn lọ sí tòsí 1. Oríṣiríṣi ẹ̀rọ ló ti wọ̀n ọ́n, lóríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, ìlà kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Glúọ̀nù náà, ní Hamburg ní Jámánì ni wọ́n ti rí ipa ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1979.

Ẹlẹ́tríkà_Mushin (10:58 alẹ́)

Ti àjọ yẹn yé mi. Ẹ ṣeun sà.

Ó ku ẹyọ kan. Ìgbà wo gan-an ni okùn wá le? Ìṣẹ́jú kan gbọ́dọ̀ wà tó jẹ́ pé kó tó dé, kúáàkì wà lómìnira, tó dé báyìí, gbogbo wọn há. Bí omi nínú fírísà, ó máa dé ìgbà kan tó máa di áìsì.

Tíṣà_Físíìsì_Yaba (11:10 alẹ́)

Kí n tó dáhùn, mo fẹ́ bẹ Ìyá Ìbejì. Mà, tẹ́ ẹ bá ń ṣe ẹ̀kọ, ìgbà wo gan-an ló ń di ẹ̀kọ? Ẹ sọ fún wa bẹ́ ẹ ṣe ń rí i, ẹ má fò ó.

Ìyá_Ìbejì_Òyìngbò (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:33 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti sùn lálẹ́ àná, ojú iná ni mo wà báyìí.

Tíṣà, ẹ gbọ́. Tí ògì bá ti jinná nínú ìkòkò, á máa hó pútú pútú, orógùn ò gbọdọ̀ dúró, tó bá dúró ó ti jóná nídìí nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló wà nínú ìkòkò nígbà yẹn, ẹ ò lè tọ́ka sí i pé ẹ̀kọ alábẹ̀bẹ̀ rèé, ẹ̀kọ ìyá Ṣọ̀ọ́ṣì rèé. Màá wá máa fi ìgbakọ bù ú sínú ewé, màá pọ́n ọn, màá tò ó sórí pẹpẹ. Tí mo bá ti tò ó tán tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ẹ béèrè ìgbà wo gan-an. Kò sí ìgbà kan gan-an. Èyí tí mo kọ́kọ́ pọ́n ṣì ń ṣàn tẹ́ ẹ bá tú u, tó bá yá á máa fà, tó bá tún yá á máa mì, lẹ́yìn náà ẹ máa tú ewé ẹ ẹ máa rí i pé ó ti dúró. Ẹni tó bá ní òun mọ ìṣẹ́jú tó dì, irọ́ ló ń pa. Ìyá mi ò mọ̀ ọ́n, ọdún 40 ló fi ṣe é.

Tíṣà_Físíìsì_Yaba (7:15 àárọ̀)

Mà, Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ dá Ọ̀gá Ẹlẹ́tríkà lóhùn yẹn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi rò pé bí omi ṣe ń di áìsì ló rí, pé ìlà kan wà tó pààlà sí i. Lọ́dún 2006 ni àwọn kan fi kọ̀ǹpútà ńlá ńlá ṣírò ẹ̀ tán, wọ́n gé àyè àti àkókò sí wẹ́wẹ́ bí ojú àwọ̀n, wọ́n ń ṣírò kúáàkì àti glúọ̀nù láti ojú kan sí ìkejì, ohun tí wọ́n sì rí ni pé kò sí ìlà. Ó dì bí ẹ̀kọ ni. Ó ń ṣàn, ó ń fà, ó ń mì, ó dì. Ibi tí ìyípadà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni ìgbà tí ìgbóná àgbáálá ayé já wálẹ̀ dé nǹkan bíi dígírì tírílíọ̀nù 1.8, ìyẹn ìgbà tí mo sọ lánàá, sẹ́kọ́ǹdì tí a pín sí mílíọ̀nù tí a ka 10 sí 20 nínú ẹ̀.

Gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò, ohun kan ni, kúáàkì òun glúọ̀nù. Àgbáálá ayé ń fẹ̀, ó ń tutù, ó bá pín sí ẹyọ ẹyọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ewé tiẹ̀: prótọ́ọ̀nù, niútírọ́ọ̀nù tó jẹ́ ojúgbà ẹ̀ tí kò ní ṣáájì iná, àti ẹyọ mìíràn tí wọ́n ń pè ní píọ́ọ̀nù. Ibi tó ti yàtọ̀ sí ẹ̀kọ yín ni pé kò sẹ́ni tó já ewé wá láti ibòmíì. Strong force yẹn náà ni ìkòkò, òun náà ni ewé. Nígbà tí gbogbo nǹkan gbóná tí wọ́n fún pọ̀, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa rìn. Nígbà tó tutù tí àyè fẹ̀, òun ló sé wọn mọ́. Òfin kan náà. Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún ọmọ yín tẹ́ ò bá tiẹ̀ rántí nǹkan mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ.

Ohun kan wà tó máa ń ká mi lára tí mo bá ń kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n dì tán, prótọ́ọ̀nù pọ̀, òdìkejì prótọ́ọ̀nù náà pọ̀, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn rẹ́, wọ́n ń di ìmọ́lẹ̀. Nǹkan bí ẹyọ kan nínú bílíọ̀nù ló ṣẹ́kù. Ẹyọ kan yẹn ni ọjà Òyìngbò, òun ni òkun, òun ni gbogbo ìràwọ̀.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó (12:40 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbà pé mo da ọ̀rọ̀ pọ̀ lánàá. Àmọ́ báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè ṣírò ohunkóhun tí wọ́n bá kó sí i nínú.

Tíṣà_Físíìsì_Yaba (1:25 ọ̀sán, mo wà ní brẹ́ẹ̀kì)

Wọ́n pò ó padà ni. Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ẹ̀kọ tó ti dì sínú omi gbígbóná láti mu? Bẹ́ẹ̀ náà.

Ní Brookhaven, ní Long Island ní New York, wọ́n kọ́ ẹ̀rọ kan tó rí roboto bí òrùka, ó ṣiṣẹ́ láti ọdún 2000 títí di ọdún 2026. Wọ́n ń bọ́ ara átọ́ọ̀mù wúrà títí tó fi ku ààrin ẹ̀, wọ́n á wá jẹ́ kó sáré pàdé wúrà mìíràn tó ń bọ̀ látòdìkejì, eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìmọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá forí sọ ara wọn, prótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù inú wọn á yọ́. Lọ́dún 2010 wọ́n kéde pé ìgbóná tó ń wà níbẹ̀ tó dígírì tírílíọ̀nù 4, ìyẹn ìlọ́po bíi 250,000 ti ààrin gbùngbùn oòrùn. Kẹ́ni tó ṣẹ́jú, ó ti tutù, ó ti dì padà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ á sì fọ́n jáde. Ohun tó fọ́n jáde yẹn ni wọ́n ń kà. Ní CERN náà, lábẹ́ ilẹ̀ láàárín Switzerland àti ilẹ̀ Faransé, òjé ni wọ́n ń lò, nínú òrùka tó gùn tó kìlómítà 27, àwọn tó ń dojú kọ iṣẹ́ yìí jù níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ALICE.

Àmì tó dá mi lójú jù: tí kúáàkì méjì bá gbá ara wọn dáadáa, ọ̀kan gba ọ̀tún, ọ̀kan gba òsì, ẹ sì gbọ́dọ̀ rí ìtújáde méjì tó dojú kọ ara wọn. Nínú wúrà àti wúrà, wọ́n ń rí ọ̀kan, èkejì á dín kù tàbí kó má yọjú rárá. Ó ti rì sínú nǹkan tó gbóná yẹn kó tó rọ́nà jáde. Ìgbà tí wọ́n fi nǹkan kékeré lu wúrà, tí kò fi sí ìkòkò gbígbóná kankan láàárín, méjèèjì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ohun tí wọn ò rò tẹ́lẹ̀ sì tún wà níbẹ̀. Wọ́n retí pé kúáàkì tó bọ́ lókùn á dà bí gáàsì, pé oníkálukú á máa fò kiri. Lọ́dún 2005 wọ́n kéde pé ó ń ṣàn bí omi ni, omi tó rọrùn láti ṣàn ju omi èyíkéyìí tí a mọ̀ lọ. Nítorí náà nígbà tí mo ní kúáàkì ń rìn fàlàlà, kí n tún un ṣe díẹ̀: ní kété kí ó tó dì, wọ́n ṣì ń fọwọ́ kọ́ ara wọn rìn. Ìgbà tó gbóná ju ìyẹn lọ fíìfíì, níbi tó ṣáájú, ni okùn dẹ̀ lóòótọ́.

Nọ́ọ̀sì_Sùúrùlérè (11:50 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà, mo ti ka gbogbo ẹ̀ láti òkè. Tíṣà, mo ní ìbéèrè nípa ìwúwo. Mo gbọ́ nígbà kan pé ohun kan tí wọ́n ń pè ní Higgs ló fún gbogbo nǹkan ní ìwúwo. Ṣé strong force lọ́wọ́ sí i ni? Gbogbo ọjọ́ ni mò ń wọn èèyàn lórí òṣùwọ̀n níbí.

Tíṣà_Físíìsì_Yaba (Ọjọ́rú, 6:20 àárọ̀)

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́ o. Higgs, tí wọ́n rí ní CERN lọ́dún 2012, òun ló fún kúáàkì ní ìwúwo tiwọn. Àmọ́ ẹ wo ìṣirò ẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò fún nǹkan kéékèèké, prótọ́ọ̀nù wọ̀n 938. Kúáàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá kó wọn pọ̀, kò ju nǹkan bíi 9 lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà, náírà kan. Níbo ni 99 tó kù ti wá? Agbára ni. Agbára ìsáré kúáàkì tí wọ́n sé mọ́ àti ti glúọ̀nù tó sé wọn. Einstein ti sọ ọ́ tipẹ́ pé agbára àti ìwúwo, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Aláìsàn tó wọ̀n kílò 70 lórí òṣùwọ̀n yín, tí a bá ní ká ka ti kúáàkì nìkan, kò tó kílò kan. Gbogbo ìyókù, strong force ló ń gbé e. Ìgbà tó dì yẹn ni ìwúwo yẹn wọlé.

Nọ́ọ̀sì_Sùúrùlérè (6:41 àárọ̀)

Ah. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ tuntun kan sórí òṣùwọ̀n nísinsìnyí, kílò 3.2. Mo dúró wò ó fúngbà díẹ̀.

Bàbá_Àgége (9:05 àárọ̀)

Mo kí gbogbo yín. Ẹni ọdún 71 ni mí, ìṣirò ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ ò tíì dá ìyá yìí lóhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ o. Ọmọ náà bi í pé kí ló de prótọ́ọ̀nù mọ́ prótọ́ọ̀nù. Ẹ̀yin ń sọ ti kúáàkì inú prótọ́ọ̀nù kan. Tí strong force bá ti sé kúáàkì mọ́nú ewé, kí ló kù níta tó máa de ewé mọ́ ewé?

Tíṣà_Físíìsì_Yaba (2:10 ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀sán sà. Òótọ́ lẹ sọ, mo fò ó.

Ìyá Ìbejì mọ̀ pé tí a bá to ẹ̀kọ gbígbóná sí ara wọn, díẹ̀ máa ń jò jáde létí ewé, òun sì ló ń lẹ ewé kan mọ́ èkejì. Ohun tó jò yẹn ló de prótọ́ọ̀nù mọ́ prótọ́ọ̀nù. Hideki Yukawa ní Japan ló kọ́kọ́ sọ lọ́dún 1935 pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ máa lọ bọ̀ láàárín wọn, wọ́n rí i lọ́dún 1947, òun ni píọ́ọ̀nù. Ó lágbára gan-an níbi tí wọ́n bá ti fara kanra, ju bí pọ́sítíìfù méjì ṣe ń lé ara wọn lọ. Tí wọ́n bá sún díẹ̀ báyìí, ó ti tán. Kò gùn ju fífẹ̀ prótọ́ọ̀nù bíi méjì lọ.

Nítorí ẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ̀kọ dì, wọn ò lẹ̀ mọ́ ara wọn kíá. Ìgbóná ò jẹ́. Prótọ́ọ̀nù kan àti niútírọ́ọ̀nù kan á so pọ̀, wọ́n ń pè é ní dùtéríọ́ọ̀mù, okùn ìyẹn ò sì le rárá, fótọ́ọ̀nù tó lágbára díẹ̀ ló máa tú u. Fótọ́ọ̀nù tó wà nígbà yẹn sì ju bílíọ̀nù kan lọ fún prótọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń so ni wọ́n ń tú, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, títí ìgbóná fi wálẹ̀ dé bíi dígírì bílíọ̀nù kan. Àwọn niútírọ́ọ̀nù sì ń bà jẹ́ lọ títí, torí niútírọ́ọ̀nù tó bá dá wà, idajì ẹ̀ á ti yí padà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ìṣirò kíláàsì yín sà: nígbà tí wọ́n rí àyè so tán, nínú 16, prótọ́ọ̀nù jẹ́ 14, niútírọ́ọ̀nù jẹ́ 2. Niútírọ́ọ̀nù méjì náà mú prótọ́ọ̀nù méjì, wọ́n di hílíọ́ọ̀mù kan. Ìyẹn mẹ́rin nínú 16.

Bàbá_Àgége (2:31 ọ̀sán)

Ìdá mẹ́rin. Ìdá ọgọ́rùn-ún 25.

Tíṣà_Físíìsì_Yaba (2:38 ọ̀sán)

Òun gan-an sà. Ìwọ̀n yẹn náà sì ni àwọn tó ń wo ojú ọ̀run ń rí nínú gáàsì tí ìràwọ̀ ò tíì bà jẹ́. Láti ibẹ̀ kò lọ síwájú mọ́, lítíọ́ọ̀mù táṣẹ́rẹ́ ló kù, torí ohun tí prótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù inú ẹ̀ bá jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́jọ lápapọ̀ kì í dúró, ọ̀nà dí. Láàárín ogún ìṣẹ́jú gbogbo ẹ̀ ti parí. Kábọ̀ọ̀nù àti ọ́síjìn dúró de ìràwọ̀.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó (3:02 ọ̀sán)

Ṣé hílíọ́ọ̀mù inú bàlúùnù òde àríyá náà ti wà láti ìgbà yẹn?

Tíṣà_Físíìsì_Yaba (3:20 ọ̀sán)

Rárá o, ìyẹn fúyẹ́ jù láti dúró ti ilẹ̀ ayé. Èyí tí a ń lò, inú ilẹ̀ ló ti wá, uranium àti thorium ló ń bí i bí wọ́n ṣe ń jẹra. Tó o bá fẹ́ ohun tó ti ìgbà yẹn bọ̀, já píọ́ wọ́tà kan. Háídrójìn inú omi, prótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wà kí sẹ́kọ́ǹdì àkọ́kọ́ tó pé, ọdún bílíọ̀nù 13.8 sẹ́yìn. Ewé kan náà, ẹnikẹ́ni ò tíì tú u.

Ìyá_Ìbejì_Òyìngbò (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:16 àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti sọ fún un. Ní Ọjọ́rú ni mo kọ́kọ́ sọ ti ewúrẹ́, mo sọ ti ewé, ó ń mi orí, ó ní Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká wò ó. Ló bá jí bá mi láàárọ̀ yìí. Bí mo ṣe ń pọ́n ẹ̀kọ ló to mẹ́wàá sọ́tọ̀ sórí àwo, ó mú ìwé àti bírò, ó sì ń tú ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ohun tó kọ rèé, mo ń wò ó báyìí:

5:30 ó ń ṣàn.
5:50 ó ń ṣàn díẹ̀, ó ń fà lára ewé.
6:15 ó ń mì, mo fìka kàn án, ìka mi wọlé.
6:40 ó ń mì, ìka mi ò wọlé.
7:10 ó dì.

Mo ní kó fa ìlà síbi tó ti di ẹ̀kọ, bí Ọ̀gá Ẹlẹ́tríkà ṣe béèrè. Ó gbé bírò sí ẹ̀gbẹ́ 6:15, ó gbé e kúrò. Ó gbé e sí 6:40, ó tún gbé e kúrò. Ó wá ní kí n bi Tíṣà bóyá tẹmómítà wà tí òun lè yá, òun fẹ́ mọ bó ṣe gbóná tó nígbà tí ìka òun ò wọlé mọ́.

Tíṣà_Físíìsì_Yaba (10:49 àárọ̀)

Ó wà mà. Láàbù wa ní èyí tó ń ka títí dé 110. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ ní Yaba lọ́jọ́ Ajé, ẹ mú ọmọ náà dání, kẹ́ ẹ sì bá mi mú ẹ̀kọ márùn-ún.